AC iyàrá Màmá tó ń dákẹ́ láàárín iṣẹ́: àkọsílẹ̀ àtúnṣe mi lójoojúmọ́

Ọjọ́ kìíní

AC iyàrá Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀ ìṣe ẹ̀. Tí wọ́n bá tàn án, á tutù dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 40, tó bá yá ẹ máa gbọ́ "kọ́", ariwo á lọ sílẹ̀, fáànù á ṣì máa yí, afẹ́fẹ́ á ṣì máa jáde, àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán ni, kò sí òtútù kankan nínú ẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi tí ẹnì kan bá fọwọ́ gbá a lójú ló máa tún ta jí. Màmá fúnra wọn ò ráhùn o, àbúrò mi obìnrin ló pè mí pé Màmá ti ń sùn sí pálọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta torí ooru, ìyẹn ló wá dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ara àgbàlagbà kì í tètè sọ fún wọn pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ooru lè mú wọn débi tó léwu kí wọ́n tó mọ̀. Mo bá ní mi ò ní kàn gbá a kí n máa lọ lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é gan-an.

AC ojú fèrèsé ni, èyí tí gbogbo nǹkan wà nínú àpótí kan ṣoṣo, họ́ọ̀sì 1. Bọ́tìnì méjì ló wà lójú ẹ̀ tí a máa ń yí, ńlá fún fáànù àti òtútù, kékeré fún tẹmósítáàtì, nọ́ńbà 1 dé 7. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé 220 sí 240 fólítì, ámpù 4.2. Kò sí rìmóòtù, kò sí bọ́ọ̀dù kankan nínú ẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ lẹ lè fojú rí tàbí kẹ́ ẹ fi mítà wọ̀n.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iná ṣe ń rìn nínú ẹ̀ torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Iná á wọlé láti pulọ́ọ̀gì, á lọ sí bọ́tìnì ńlá, láti ibẹ̀ á pín sọ́nà méjì: ọ̀kan lọ bá fáànù tààrà, ìkejì gba inú tẹmósítáàtì kó tó dé ọ̀dọ̀ kọmpurẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC yí po kí òtútù lè wá. Tẹmósítáàtì yìí ò ju súìṣì kan lọ, àmọ́ ooru ló ń tẹ̀ ẹ́ dípò ọwọ́. Páìpù tín-ín-rín kan jáde lára ẹ̀, kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ, gáàsì díẹ̀ wà nínú ẹ̀ tí wọ́n dí pa mọ́ ibẹ̀, orí páìpù yẹn ló ń dúró níwájú kọ́ìlì (àwọn páìpù àti awẹ́ irin tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù) níbi tí afẹ́fẹ́ iyàrá ń gbà wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, gáàsì yẹn á fẹ̀, á ti awọ irin kékeré kan, awọ irin yẹn á ti kọ́ńtáàtì méjì, ìyẹn ojú irin kékeré tí iná ń gbà kọjá, lura wọn, iná á kọjá. Bí iyàrá bá tutù, gáàsì á súnkì, kọ́ńtáàtì á jára wọn sílẹ̀, kọmpurẹ́sọ̀ á sinmi.

Nítorí náà tí fáànù bá ń yí tí kọmpurẹ́sọ̀ sì dákẹ́, ẹ má wulẹ̀ da sọ́kẹ́ẹ̀tì láàmú. Láàárín bọ́tìnì ńlá sí kọmpurẹ́sọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó sì wà níbẹ̀ ò pọ̀: kọ́ńtáàtì inú bọ́tìnì yẹn, tẹmósítáàtì, kapásítọ̀ tó ń ran kọmpurẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti dìde, ofalóòdù kékeré tó wà lórí kọmpurẹ́sọ̀ tó máa ń gé iná fún un tó bá gbóná jù, àti kọmpurẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ tí mò ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ òun.

Kí n tó débẹ̀, ẹnì kan tí wọ́n pè wá wò ó ti sọ fún Màmá pé gáàsì ló tán. Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀ torí ó ń ná àwọn èèyàn lówó lásán. Gáàsì AC kì í ṣe epo mọ́tò tó máa ń jó tán. Inú páìpù tí wọ́n jó pa ló wà, òun kan náà ló ń yí po láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, àfi tó bá ń jò. Tó bá sì ń jò, òtútù á máa dínkù díẹ̀díẹ̀, kò ní máa tutù dáadáa fún ìṣẹ́jú 40 kó wá dákẹ́ lójijì pẹ̀lú ariwo "kọ́". Mo gbé tẹmómítà síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, dígírì 30, mo gbé e síbi tó ń gbà jáde nígbà tí kọmpurẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́, dígírì 19. Ìyàtọ̀ 11 nìyẹn. Tó bá ti wà láàárín 8 sí 12, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gáàsì kún un.

Iṣẹ́ tí mo ṣe lónìí: mo yọ pulọ́ọ̀gì, mo yọ ojú ẹ̀, mo fọ fílítà tí eruku ti nípọn lára ẹ̀ bí aṣọ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá kọ́ìlì iwájú láti òkè wá sílẹ̀ kí àwọn awẹ́ irin ẹ̀ má bàa tẹ̀, mo ro ojú ihò tí omi ń gbà jáde. Iná tó ń wọlé jẹ́ fólítì 229, kò lọ sílẹ̀ ju 226 lọ nígbà tí kọmpurẹ́sọ̀ ń dìde. Mo tàn án, ìṣẹ́jú 43, "kọ́". Kò yí padà.

Ọjọ́ kejì

Kapásítọ̀. Òun làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀ torí ó rọrùn, ó sì máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ mo ti pinnu pé mi ò ní pààrọ̀ ohunkóhun tí mi ò tíì wọ̀n. Mo fa AC jáde lára fèrèsé pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọkọ àbúrò mi (ẹ má dá a gbé o, ẹ̀yìn ló ń bàjẹ́), mo tú àpótí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, yíyọ pulọ́ọ̀gì nìkan ò tó níbí. Kapásítọ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ pulọ́ọ̀gì, ó sì lè gbé èèyàn ṣubú. Orí mẹ́ta ló ní: C tí méjèèjì jọ ń lò, HERM ti kọmpurẹ́sọ̀, FAN ti fáànù. Mo fi rẹ̀sísítọ̀ 20,000 óòmù, tó ń jẹ́ kí iná rọra jáde, so orí C mọ́ HERM fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, mo tún so C mọ́ FAN, mo wá fi mítà wò ó bóyá fólítì kankan ṣì kù, kò sí, kí n tó fọwọ́ kàn án. Mi ò fi sùkúrúdíráfà so wọ́n pọ̀ bí mo ṣe máa ń rí i táwọn èèyàn ń ṣe, ó máa ń ta páàpáà, ó sì lè ba kapásítọ̀ tó dáa jẹ́.

Wọ́n kọ 30 àti 2 máíkírófáràdì sára ẹ̀, àyè tí wọ́n gbà á láàyè ni ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀. Ti kọmpurẹ́sọ̀ gbé 28.9 jáde, ti fáànù 1.9. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó ṣì wà nínú àyè ẹ̀. Orí ẹ̀ ò wú, kò sì jo epo. Mo dá a padà.

Ọjọ́ kẹta

Ìbéèrè òní ò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí kọmpurẹ́sọ̀ bá dákẹ́, ṣé iná ṣì ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Tó bá ń dé tí kò sì ṣiṣẹ́, ofalóòdù ló já tàbí kọmpurẹ́sọ̀ ló níṣòro. Tí kò bá dé, ẹnì kan ló ń dí i lọ́nà.

Pẹ̀lú pulọ́ọ̀gì nílẹ̀, mo fi kílíìpù tó ní rọ́bà lára gbá wáyà mítà mú, ọ̀kan sórí wáyà tó jáde láti tẹmósítáàtì lọ sí kọmpurẹ́sọ̀, ìkejì sórí níútírà (wáyà tí iná ń gbà padà), mo fa wáyà mítà jáde, mo gbé mítà sórí àga lókèèrè, mo tó ki pulọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀ mọ́. Mo yí tẹmósítáàtì sí 7, òtútù tó ga jù, mo jókòó.

228, 229, 228. Ìṣẹ́jú 38, "kọ́". Mítà kọ òdo.

Inú mi dùn gan-an torí lójú ẹsẹ̀ ni kọmpurẹ́sọ̀, kapásítọ̀ àti ofalóòdù ti jáde nínú ẹjọ́ yìí, iná ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Mo yọ pulọ́ọ̀gì, mo sún kílíìpù sí ojú ibi tí iná ń gbà wọ inú tẹmósítáàtì, mo tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nígbà tó tún dákẹ́, fólítì 229 wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Iná ń wọlé lọ bá tẹmósítáàtì, kò jáde lódìkejì, iyàrá sì wà ní dígírì 28, nígbà tó jẹ́ pé ní 7 ó yẹ kó ṣì máa ṣiṣẹ́.

Mo wá tẹ̀ síwájú láti wo orí páìpù ẹ̀, kí ni mo rí? Ó ti bọ́ kúrò nínú ìdè rọ́bà tó yẹ kó gbé e dúró, ó sùn lé àwọn awẹ́ irin kọ́ìlì lórí. Èmi ni mo fọ AC yìí lọ́dún tó kọjá, èmi náà ni mo ti í kúrò láyè ẹ̀. Ibi tó yẹ kó ti máa tọ́ afẹ́fẹ́ iyàrá wò, irin kọ́ìlì tó tutù bí omi inú fíríìjì ló ń tọ́ wò, òun ló fi ń rò pé iyàrá ti tutù. Mo dá a padà sínú ìdè ẹ̀, mo fi àyè bí ìka kan sílẹ̀ láàárín òun àti kọ́ìlì, mo pe àbúrò mi pé iṣẹ́ ti parí. Mo tiẹ̀ ṣàlàyé fún un pé gbígbá tí wọ́n ń gbá a ló ń sún orí páìpù yẹn kúrò lára kọ́ìlì.

Mo gba àlàyé yẹn gbọ́ pátápátá.

Ọjọ́ karùn-ún

Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan àtààbọ̀. Láago 2 òru àná ó tún dákẹ́. Màmá padà sí pálọ̀.

Ọjọ́ kẹfà

Mo yọ tẹmósítáàtì pátá. Mo bu omi dídì sínú kọ́ọ̀bù kan, yìnyín pọ̀ nínú ẹ̀, mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ìkejì, mo so mítà mọ́ tẹ́mínà méjèèjì (ibi tí wáyà ti ń wọ̀ ọ́) lórí óòmù, tó ń sọ bí ọ̀nà iná ṣe dí tó; tó bá sún mọ́ òdo, ọ̀nà ṣí. Orí páìpù wọ omi dídì: kọ́ńtáàtì ṣí, "kọ́", mítà kò rí ọ̀nà. Ó wọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́: "kọ́", óòmù 0.3, wáyà mítà fúnra ẹ̀ sì ti jẹ́ 0.2 nínú ẹ̀. Mo ṣe é nígbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dáa. Tí páìpù yẹn bá ti lu tí gáàsì inú ẹ̀ ti lọ, kò ní pa dé mọ́ rárá bó ti wù kí omi gbóná tó, nítorí náà páìpù ò lu.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi lálẹ́ yẹn ni pé tẹmósítáàtì dáa, bọ́tìnì ńlá ni kí n lọ wò. Mò ń kọ ọ́ síbí bó ṣe rí torí ó lè ṣi ẹlòmíì lọ́nà bó ṣe ṣì mí lọ́nà, ìdánwò tí mo ṣe yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe tí wọ́n á fi sọ pé kò sóhun tó ṣe é.

Ọjọ́ keje

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ń tún fíríìjì àti AC ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti wọn tẹmósítáàtì yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó dáa, àmọ́ AC ò dáa."

Wọ́n ní, "Báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

Mo ṣàlàyé omi dídì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, óòmù 0.3.

"Nígbà tó ò ń wọ̀n ọ́n yẹn, ámpù mélòó ló ń gba inú ẹ̀ kọjá?"

Mi ò rí nǹkan sọ.

Wọ́n ní, "Iná táṣẹ́rẹ́ ni mítà ẹ fi wò ó. Tí ọmọdé bá gba orí afárá kọjá, ìyẹn ò sọ pé ọkọ̀ ẹrù lè gba ibẹ̀. Dá a padà sáyè ẹ̀, jẹ́ kó ru ẹrù ẹ̀, kó o wá so mítà mọ́ tẹ́mínà ẹ̀ méjèèjì lórí fólítì. Súìṣì tó bá dáa, tó bá ti pa dé, fólítì tó máa wà láàárín ẹ̀ ò ní jìnnà sí òdo. Iye tó bá wà níbẹ̀ ni iye tó ń jẹ mọ́ kọmpurẹ́sọ̀ lọ́wọ́."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí pé, "Orí páìpù tó o ní ó sùn lórí kọ́ìlì yẹn, tí kọmpurẹ́sọ̀ bá dákẹ́ tí fáànù ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sórí kọ́ìlì, ìṣẹ́jú mélòó ni kọ́ìlì máa fi gbóná padà?"

Mo ní bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìwọ wá sọ fún mi pé wákàtí kan ló fi ń dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn torí pé ó wà níwájú mi láti ọjọ́ kìíní, èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ páìpù tó kan kọ́ìlì nìkan ni, AC á máa kú á máa jí ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra wọn. Kò ní sùn fún wákàtí kan. Páìpù tó bọ́ jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́, ó sì yẹ kí n tún un ṣe, àmọ́ òun kọ́ ló ń lé Màmá lọ sí pálọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ

Mo dá a padà, mo so kílíìpù mítà mọ́ tẹ́mínà tẹmósítáàtì méjèèjì, mo gbé kílámpù mítà mọ́ wáyà kọmpurẹ́sọ̀ láti ka ámpù, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú pulọ́ọ̀gì nílẹ̀. Bọ́tìnì sí 7. Mo tàn án láago 2:05 ọ̀sán.

2:05, fólítì 0.7. Ámpù 4.0.
2:20, fólítì 2.1.
2:35, fólítì 4.8.
2:41, fólítì 6.4, kò dúró sójú kan mọ́, ó ń sá láàárín 5 sí 9.
2:47, "kọ́". Fólítì 229.

Iyàrá wà ní dígírì 28. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀. Fólítì 6.4 lọ́nà ámpù 4 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 25. Áyọ́ọ̀nù kékeré tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ronú pé irú ooru yẹn ń jáde lójú kọ́ńtáàtì méjì tí kò tó orí ìṣó, nínú àpótí rọ́bà kékeré. Ooru yẹn ń mú irin tó ń tẹ kọ́ńtáàtì pọ̀ rọ, bó ṣe ń rọ ni agbára tó fi ń tẹ kọ́ńtáàtì mọ́ra wọn ń dínkù, bó ṣe ń dínkù ni ooru ń pọ̀ sí i, ó ń yí po bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi jára wọn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi dídì ò fi rí nǹkan kan, torí orí tábìlì ni mo ti ń wọ̀n ọ́n, ó tutù, kò ru ẹrù.

Mo fi í sílẹ̀ títí di 3:20, kò tún pa dé. Mo fi igi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ẹ̀ láti ìta, "kọ́", ó pa dé, fólítì 1.9. Àṣé kọ́ńtáàtì là ń gbá tá a ní à ń gbá AC. Lójú ẹsẹ̀ tó pa dé yẹn kọmpurẹ́sọ̀ fẹ́ dìde, kílámpù mítà fò dé ámpù 19, ó kùn "ùùùn", kò lè yí, ofalóòdù já a. Iná tó pọ̀ ni kọmpurẹ́sọ̀ máa ń bèèrè nígbà tó bá fẹ́ dìde, ìgbà yẹn gan-an sì ni kọ́ńtáàtì tó ti jó máa ń jẹ fólítì jù. Tá a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kọmpurẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ló máa lọ, a ó sì sọ pé kọmpurẹ́sọ̀ ló bàjẹ́.

Kí ọkàn mi lè balẹ̀ pátápátá mo yọ pulọ́ọ̀gì, mo yọ wáyà méjèèjì kúrò lára tẹmósítáàtì, mo so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn pẹ̀lú kọnẹ́tọ̀ tó le, mo dì í. Mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí gáàsì AC tí kọmpurẹ́sọ̀ ń tì rọlẹ̀ kọ́kọ́, torí tẹ́ ẹ bá tan kọmpurẹ́sọ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tó dákẹ́, ó máa ṣòro fún un láti dìde. Wákàtí méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ láìdákẹ́, ámpù 4.0, afẹ́fẹ́ ń jáde ní dígírì 15 nígbà tí iyàrá wà ní 25. Mo jókòó tì í ní gbogbo wákàtí yẹn torí láìsí tẹmósítáàtì kò sóhun tó máa dá a dúró, kọ́ìlì lè di yìnyín pátápátá. Ẹ má ṣe so ó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ wá lọ sùn o.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Tẹmósítáàtì tuntun dé. Nǹkan mẹ́ta ni mo fi yàn án. Ámpù tó lè gbé, mi ò fẹ́ èyí tó kéré sí ti àtijọ́. Gígùn páìpù ẹ̀, torí tó bá kúrú kò ní dé ibi ìdè ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kó jẹ́ ti AC, kì í ṣe ti fíríìjì, nítorí wọ́n jọra wọn lójú gan-an àmọ́ ti fíríìjì ń ṣiṣẹ́ níbi tí òtútù ti pọ̀ ju ti iyàrá lọ, tẹ́ ẹ bá fi í sínú AC kò ní gé rárá, kọ́ìlì á di yìnyín.

Nígbà tí mo yọ ti àtijọ́, tẹ́mínà ẹ̀ kan ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, rọ́bà ìdí ẹ̀ ti yọ́ díẹ̀, irin ẹnu wáyà tó wọ̀ ọ́ ti dúdú, ó sì ti tú, ó ń mì nínú ọwọ́. Èyí ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá fi ẹnu wáyà tó ti jó sórí tẹmósítáàtì tuntun, ooru á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, tuntun náà á jó. Mo gé wáyà yẹn kúrò ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3 títí mo fi rí bàbà tó ń dán, mo tẹ ẹnu tuntun mọ́ ọn, mo fà á dáadáa láti rí i pé kò ní yọ.

Páìpù tín-ín-rín yẹn gba sùúrù ju gbogbo nǹkan tó kù lọ. Tó bá ṣẹ́ tàbí tó ká kọ́rọ́, gáàsì inú ẹ̀ lè lọ tàbí kó dí, tẹmósítáàtì tuntun á di òkú kó tó ṣiṣẹ́. Bíírò ni mo fi ká a, ibi tí mo bá fẹ́ kó tẹ̀ mo yí i po lára bíírò, mi ò fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ lójú kan. Mo rí i dájú pé kò kan ojú tẹ́mínà kankan, torí irin ni, iná sì wà nítòsí ẹ̀. Orí ẹ̀ wọ ìdè, mo tún fi okùn rọ́bà kékeré kan dì í kí ẹni tó bá tún fẹ́ fọ AC lẹ́yìn èmi má bàa tì í kúrò.

Mo tàn án lálẹ́. Fólítì láàárín tẹ́mínà méjèèjì: 0.04. Lẹ́yìn wákàtí méjì: 0.04.

Mo tún lo àyè yẹn láti wọn bọ́tìnì ńlá pẹ̀lú ọ̀nà kan náà, nígbà tó ru ẹrù, ó jẹ́ 0.1. Kò burú, àmọ́ mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá

Màmá sùn nínú iyàrá wọn. Mo gbé tẹmómítà tó ń rántí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn mọ́jú, bọ́tìnì wà ní 4. Kọmpurẹ́sọ̀ ń dìde tí iyàrá bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé dígírì 26, ó ń sinmi ní nǹkan bíi 24, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ṣe bẹ́ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kò sí èyí tó sùn gbàgbé nínú wọn. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ wọ́n fi aṣọ bora. Mo ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ mà, ṣé òtútù ò mú yín jù?" Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mo fi sùkúrúdíráfà ṣí ti àtijọ́. Kọ́ńtáàtì kan ti jẹ kòtò, ìkejì ti wú gúnṣú, irin ọ̀kan ti ń ṣí kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ èkejì látọjọ́ pípẹ́, èéfín dúdú yí wọn ká. Irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ ti di àwọ̀ búlúù níbi tí ooru ti sè é, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ti rọ, kò fò padà bíi ti tuntun.

Mo fi máákà kọ ọ́ sínú ìdérí AC: ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ẹ̀, fólítì tẹmósítáàtì 0.04, bọ́tìnì ńlá 0.1, kapásítọ̀ 28.9. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà màá tún wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Tí kapásítọ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ 28.5, òun ni màá pààrọ̀ nígbà yẹn.